Àmín Tí Ọnarébù Kò Ṣe

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ṣẹ̀. Ọnarébù Philemon, káńsẹ́lọ̀ wa, ló pe Ìyá Salome lẹ́jọ́, ìyẹn aṣáájú àdúrà ìjọ Aládùúrà tó wà lọ́nà Ìkọ̀yà. Agbádá tí Ọnarébù wọ̀ wá nìkan gba àga mẹ́ta.

"Kábíyèsí, obìnrin yìí fi àdúrà bú mi! Ẹ fòfin dè é, kó má gbàdúrà ní gbangba mọ́."

"Kí ló wí?" Ọlọ́jà, ọba wa, béèrè.

"Ó ní ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìfún-epo àwọn opó lọ sílé ara rẹ̀, kí ara má rọ̀ ọ́ títí yóò fi dá a padà!"

"Ó dárúkọ rẹ?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ṣe àmín, wọ́n wá yíjú sí mi."

Ìyá Salome kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, mo dijú ni o. Olè ni mo gbé síwájú Olúwa. Ọnarébù fúnra wọn ló ní àwọn ni."

"Ọnarébù, ìwọ náà ṣe àmín?"

"Nínú ọkàn ni mo ti ṣe é."

Dèjì, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, fò dìde. "Wọ́n ṣe é síta! Etí mi yìí ló gbọ́ ọ!"

"Ikọ́ lo gbọ́," ni Abọ́sẹ̀dé wí, ẹni tó jókòó ti Ọnarébù ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bí wọ́n ṣe dárúkọ ẹ̀rọ báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, kò dákẹ́ títí a fi dá orin."

"Ikọ́ náà làmín ọ̀hún! Èèyàn ńlá kì í pariwo," ni Dèjì fèsì.

"Ẹ̀rọ ọ̀hún ńkọ́?" Ọlọ́jà bi Ọnarébù.

"Àgbàlá mi ló wà, Kábíyèsí. Mo ń bá ìlú ṣọ́ ọ ni, nítorí olè."

"Ta ló ń fún epo níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi. Ó kàn ń dán an wò, kó má baà dógùn-ún."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún Àjíǹde." Ó tún agbádá gbé sí èjìká. "Ti èṣí."

Ìyá Salome nawọ́ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ làwa opó ṣì fi ń tẹ ẹyìn o, Kábíyèsí. Bí ẹ bá tún gba àdúrà lẹ́nu mi, kí ló kù fún wa?"

Ọlọ́jà yíjú sáwọn ìjòyè, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó wá hú ikọ́ díẹ̀.

"Ìyá Salome jàre. Ọnarébù, a ò ní tì ọ́ mọ́lé. Ṣùgbọ́n àdúrà kádùúrà tí wọ́n bá gbà fún ọ nílùú yìí, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi ìpolongo ìbò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe àmín sí i títí ẹ̀rọ yóò fi dé."

Ọnarébù bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà nìyà? Ẹ ó pẹ́ láyé o, Kábíyèsí!"

"Àmín!" ni gbogbo ààfin dáhùn.

"Èmi náà á pẹ́ o!"

Kẹ́kẹ́ pa. Dèjì ń wo àjà.

"N ò ní kú ikú ọ̀sán o!"

Ìyàwó Ọnarébù, tó bá a wá sáàfin, lanu, ó wo ojú Ọlọ́jà, ó pa á dé.

Òógùn bo Ọnarébù. "Kí… kí ẹ̀rọ padà sọ́wọ́ àwọn ìyá wa lónìí olónìí o!"

Àmín tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Òkìtìpupa.