Royce Búra, Ìwé Sọnù

Ọ̀la ni ọjọ́ tí ìjọba fún gbogbo wa láti fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ máa pé. Nínú òjò àárọ̀ yìí, Royce Hensley wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ Mísì Verna Tackett, ní òkè Kentucky níbí, níbi tó ti ń ṣe bísíkíìtì gbígbóná, ìyẹn búrẹ́dì kékeré rírọ̀ tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó fi ìbínú kúrò lóṣù kẹwàá. Kò wọlé o. Ìlà àwọn tó ń ra oúnjẹ láti inú mọ́tò ló tò sí, títí ó fi kan fèrèsé.

VERNA: (kò gbójú sókè) Ẹ káàárọ̀, kí lẹ fẹ́ jẹ? (Ó rí i.) Hẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ.

ROYCE: Ẹ káàárọ̀, Mísì Verna. Mi ò wá jẹun. Ìwé mi ni mo wá gbà.

VERNA: Ìwé wo? Ṣé ilé ìkàwé ni mo ṣí síbí ni?

ROYCE: Ìwé tó ń sọ iye tí ẹ san fún mi lọ́dún tó kọjá àti iye tí ẹ yọ fún ìjọba. Gbogbo ayé ti gba tiwọn láti oṣù kìíní. Ọlọ́run ń wò yín o.

VERNA: Ó ń wo ìwọ náà. Fèrèsé yìí, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà wà níwájú, kó wọlé.

ROYCE: Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti búra. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní gba ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ láyé.

VERNA: Mo gbọ́. Gbogbo ọmọ ìjọ náà gbọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn wá jẹun níbí ni.

(Mọ́tò tó wà lẹ́yìn fun fèrè.)

VERNA: Kí lo fẹ́ rà?

ROYCE: Ó dáa, kọfí kan. Ìwé mi dà?

VERNA: Kọfí kan, ìdáhùn kan. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ lóṣù kìíní.

ROYCE: Mi ò lè sọ pé àgbàlagbà ń purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yẹn, kì í ṣòótọ́!

VERNA: Tó o bá fẹ́ kí n dá ọ lóhùn, ra nǹkan míì.

ROYCE: Ha! Bísíkíìtì kan, pẹ̀lú sọ́séèjì.

VERNA: Kí ló le níbẹ̀ tó o fi ń jẹ́ kí òjò pa ọ́? Bí ìwé bá sọnù, ìjọba ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Wo ìwé owó-iṣẹ́ tí mo fún ọ kẹ́yìn, kó o da iye inú rẹ̀ kọ.

ROYCE: Èyí tó kẹ́yìn yẹn... mo ti ya á.

VERNA: Níbo lo ti ya á?

ROYCE: Lójú yín.

VERNA: Inú kí lo wá dà á sí?

ROYCE: (jẹ́jẹ́) Ọbẹ̀ yín.

VERNA: Odidi ìkòkò ọbẹ̀! Orúkọ rẹ ni pásítọ̀ bá nínú ṣíbí!

ROYCE: Pásítọ̀ yẹn náà lẹ sọ fún pé iyọ̀ pọ̀ nínú bísíkíìtì mi!

VERNA: Ó pọ̀!

(Fèrè tún dún, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.)

ROYCE: (sí ẹni ẹ̀yìn) Ẹ ṣe sùúrù jàre! (Ohùn rẹ̀ rọ̀.) Mísì Verna, òrùlé mi ń jò. Ìkòkò mẹ́rin ló ń sùn lórí ibùsùn, èmi tí mo ni ilé ń sùn lábẹ́ tábìlì. Owó tí ìjọba gbà lé lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ fi tún un ṣe. Láìsí ìwé yẹn, wọn ò ní dá sẹ́ǹtì kan padà.

(Verna wò ó. Gíláàsì ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, kì í gòkè mọ́. Òjò ti rin apá òsì Royce gbindin. Verna yọ lẹ́tà kan lára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó.)

VERNA: Ta ló kọ èyí sára àpò lẹ́tà yìí?

ROYCE: Ó... ó jọ ìkọ̀wé mi.

VERNA: Kà á.

ROYCE: Mi ò gbé dígí mi dání.

VERNA: Màá bá ọ kà á. (Ó gbóhùn sókè kí àwọn tó tò sẹ́yìn má bàa pàdánù.) “Ìwọ tó ń pín lẹ́tà, dá a padà. Mi ò fẹ́ ohunkóhun lọ́wọ́ obìnrin yìí títí ayé.” O tún fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ “ohunkóhun”.

ROYCE: Orúkọ ilé oúnjẹ yín ni mo rí lára ẹ̀. Mo rò pé épírọ̀nù tí mo gbé lọ lẹ ń bèèrè.

VERNA: Ìwọ lo gbé épírọ̀nù mi?

ROYCE: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìwé.

(Verna na lẹ́tà sí i. Royce ṣí i. Ìwé tó wá gbà wà níbẹ̀, pérépéré. Bébà kékeré kan tẹ̀ lé e.)

ROYCE: (ń kà) “Royce, èmi ò mọ bísíkíìtì í ṣe. Wọ́n ń fi tèmi ju ajá. Padà wá. Iyọ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.”

VERNA: Àṣé ojú rẹ ríran láìsí dígí.

ROYCE: Láti oṣù kìíní lẹ ti kọ eléyìí?

VERNA: (ń nu fèrèsé tí kò dọ̀tí) Mo ti gbàgbé.

ROYCE: Látìgbà náà ni mo ti ń gbá ìgbẹ́ adìyẹ kiri oko olóko! Mísì Verna, ojú ń tì mí. Mo ṣe wèrè.

VERNA: Èmi náà kò ṣe dáadáa. Kò yẹ kí n fi ẹnu kan iyọ̀ rẹ lójú pásítọ̀. Aago márùn-ún àárọ̀ ọ̀la, má pẹ́.

ROYCE: Ìbúra mi ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà.

VERNA: Fèrèsé ò sí nínú ìbúra rẹ.

(Royce wo fèrèsé. Ó fi apá wọ̀n ọ́n. Ó wo ikùn ara rẹ̀.)

VERNA: Gba kọfí. Bísíkíìtì àti sọ́séèjì rẹ náà rèé.

(Royce gba kọfí, ó ti ìyókù padà.)

VERNA: O tún ti ń dá nǹkan mi padà?

ROYCE: Fèrèsé yín ò fẹ̀, Mísì Verna. Tí mo bá jẹ ìyẹn, ìdajì mi nìkan ló máa wọṣẹ́ lọ́la.