Olùkọ́ Ìsinmi Tó Sùn Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ká ní wọ́n rò ó fún mi ni, n kò ní gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá ẹgbẹ́ aláàánú kan, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú bí wọn ó ṣe máa sinmi, ló pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Obìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Olùkọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá fẹ́ kí Kábíyèsí fọwọ́ sí i kí òun lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Kí ló ṣe?" Kábíyèsí bi í.

"Ó sùn, Kábíyèsí. Àwọn bíríkìlà àti alágbàfọ̀ kún gbọ̀ngàn wa, wọ́n wá gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí ìsinmi. Mo mú àwọn àlejò tó ń ràn wá lọ́wọ́ wọlé, àfi bí mo ṣe bá Olùkọ́ tó gbórí lé tábìlì, tó ń hanrun."

"Àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?"

"Àwọn náà ti sùn. Wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni."

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu. Kábíyèsí kọjú sí Olùkọ́ tó kúnlẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń fẹ́ná.

"Kábíyèsí, kì í ṣe oorun, àpẹẹrẹ ni. Ẹnu lásán ò tó kọ́ èèyàn ní ìsinmi."

"Ta ló ní kó o fi ìhanrun kún un?"

"Iṣẹ́ tí mo bá dáwọ́ lé, mo máa ń ṣe é dójú àmì ni."

Ìjòyè àgbà kan bi Ọ̀gá pé: "Ìgbà wo lo fún un nísinmi gbẹ̀yìn?"

"Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ mi ń bọ̀, bàbá. Kí gbogbo ìlú kọ́kọ́ sinmi tán ná. Ẹni tó bá lójú àánú kì í béèrè ìsinmi."

"Bí ara ẹnìkan nínú wọn ò bá yá ńkọ́?"

"A máa gbàdúrà fún un nípàdé àárọ̀, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó ní òun ní ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé rẹ̀ dìde.

"Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó ń rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Bàbá ni Ọ̀gá jẹ́ sí wa. Ẹ̀rín là ń... ẹ̀rín là ń..."

"Ẹ̀rín lẹ ń kí ni?"

Akọ̀wé ti sùn lórí ìdúró. Ìjòyè tó wà nítòsí ló gbá a mú kó tó ṣubú.

"Ó ń ronú ni," Ọ̀gá wí.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí kejì, awakọ̀ ẹgbẹ́ náà.

"Ṣé Olùkọ́ sùn?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Kò sùn. Ìhanrun rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́."

"Níbo lo wà?"

"Nínú ọkọ̀ níta. Ìhanrun yẹn ló jí mi."

"Ṣé o ti páàkì kó o tó sùn?"

Awakọ̀ họrí. "Ó dà bíi pé mo ti páàkì. Nígbà tí mo lajú, èmi àti Ọ̀gá pẹ̀lú àwọn àlejò ti débẹ̀."

Kábíyèsí rọra yíjú sí Ọ̀gá.

"Ta ló wakọ̀ tó gbé yín wá síbí láàárọ̀ yìí?"

Ọ̀gá wo awakọ̀. Awakọ̀ yán.

"Ó dáa," Kábíyèsí wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ Olùkọ́ ni pé ó ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún. Kò sẹ́ni tó máa lé e. Ní tìẹ, Ọ̀gá, mi ò ní kó o fún ẹnikẹ́ni nísinmi, ojú àánú rẹ ju tèmi lọ. Ohun tí mo pa láṣẹ ni pé láti òní lọ, iwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ yìí, ni wàá máa jókòó níbikíbi tó o bá ń lọ, títí gbogbo ìlú á fi sinmi tán."

Òógùn bo Ọ̀gá. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí awakọ̀ kọ́kọ́ lọ sùn díẹ̀?"

"Nítorí kí ni? Ṣebí kò sẹ́ni tó ń rẹ̀ níbi iṣẹ́ yín."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́, Kábíyèsí. Ó ti rẹ gbogbo wọn. Kí wọ́n máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má yọjú títí ara wọn á fi balẹ̀."

"Sọ ọ́ sókè kí Olùkọ́ gbọ́."

Olùkọ́ ò lè gbọ́. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbórí lé àpótí tí Kábíyèsí ń gbẹ́sẹ̀ lé, ó ti sùn fọnfọn. Kábíyèsí rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jí i. Gbogbo wa yọ́ jáde.

Níta, awakọ̀ ṣílẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá dúpẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.