Wàrà Tí Mo Fi Agolo Mílíìkì Wọ̀n

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé, kò sì ṣeé ṣe. Títí di òní, inú máa ń bí mi kí n tó rántí rẹ́rìn-ín.

Ìdílé Kìrìsìtẹ́nì ní Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti bí mi, ọmọ Ìlọrin, Mùsùlùmí, ló sì fẹ́ mi. Ìyá ọkọ mi, Alhaja, kò bú mi rí, kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni kò fi kan oúnjẹ tí mo bá sè. Ó lè máa rẹ́rìn-ín sí mi kó sì máa ti abọ́ mi sẹ́yìn. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ó ní àwọn jẹ makaróònì kan níbẹ̀ tí wọ́n fi wàrà òyìnbó bò lórí, adùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu òun. Ẹnu mi yá.

"Ẹ jẹ́ kí n sè é fún yín, mà."

Ó wò mí. "O mọ̀ ọ́n sè?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà." Irọ́ gbuu.

"Ó dáa. Gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀, tá a bá ti kírun tán."

Mo yẹ fóònù wò, wọ́n ní irínwó gíráàmù wàrà ni. Wàrà Fúlàní ni mo fẹ́ fi rọ́pò ti òyìnbó, ṣùgbọ́n èmi ò ní síkéèlì, ẹyọ ẹyọ sì ni ìyá Fúlàní tó ń gbé wàrà wá láti Òkè-Oyì ń tà á. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti pọ̀ jù. Mo rí agolo mílíìkì oníyẹ̀fun kan tó ti ṣófo, wọ́n kọ "400g" sí i lára. Kí ló tún kù? Mo rún wàrà tó ṣì ń kán omi sínú rẹ̀, mo fi ìdí ṣíbí kì í mọ́lẹ̀ títí ó fi kún dẹ́nu. Olùkọ́ ìṣirò ni mí o, nílé-ìwé kan ní àdúgbò Ṣàngó n'Ìlọrin! Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ife ìyẹ̀fun kan kò lè wúwo tó ife omi kan.

Mo da yanrìn sínú ìkòkò ńlá bí ẹni tó fẹ́ yan kéèkì, mo gbé abọ́ makaróònì tí mo da wàrà náà bò jókòó lé e, mo dé e lórí iná. Nígbà tí mo ṣí i, wàrà kò yọ́ rárá, omi ló ń tú jáde lára rẹ̀, makaróònì sì ń léfòó.

Ọkọ mi yọjú. "Ṣé wàrà yìí kò pọ̀ jù báyìí?"

"Bó ṣe wà nínú fóònù nìyẹn!"

 Nínú mọ́tò, ọkọ mi gbé abọ́ náà lé itan nígbà tí mò ń wakọ̀ lọ sílé Alhaja. Mo bọ́ sí kòtò kan, omi wàrà sì dà sí jàlàbíà funfun tó fi kírun Jímọ̀.

Gbogbo ilé ti jókòó dè wá. Alhaja ní "Bísímílàhì," ó fi ṣíbí bù ú, ó jẹ ẹ́ títí, kò ṣeé gbé mì.  Níkẹyìn ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san. O gbìyànjú." Ó wá kọjú sí àbúrò ọkọ mi. "Ràmátù, wá nǹkan fún mi jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, mo tún rún wàrà kún agolo náà, mo gbé e lọ sí ọjà Ìpàta, mo ní kí alápatà kan bá mi fi síkéèlì rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ju ìlọ́po méjì irínwó lọ. Alápatà náà rín mi rín mi.

Mo ti ra síkéèlì, mo sì ti mọ̀ ọ́n sè dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agolo ló tàn mí. Ká ní mo sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n sè, mà, ẹ jẹ́ ká jọ sè é," bóyá à bá jọ dúró nídìí iná kan náà lọ́jọ́ náà, kí a sì jọ bà á jẹ́. Alhaja kò tíì ní kí n tún un sè. Ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ó kàn ń dùn mí ni.