Àgbà Òǹkọ̀wé Orí Wasáàpù

Òtítọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan sí i, kí iyán há mi lọ́fun, kí ọbẹ̀ sì kọ̀ láti tì í lọ. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń purọ́. Àwọn tí mo fẹ́ràn láti máa purọ́ fún ti kú tán. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọkùnrin kan wà ní Kàbà wa níbí, Olúwagbémiga lorúkọ rẹ̀. Gbémiga lásán ni kó tó kọ ìtàn kan ṣoṣo. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó di Àgbà-Ìwé, Arọ̀jò-ọ̀rọ̀-má-dá, Erin tí ń fi bírò tẹ ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní gbogbo oyè náà o. Kò rí ẹni rán, ó bá rán ara rẹ̀ níṣẹ́.

Bírò mẹ́ta ló máa ń wà ní àpò àyà rẹ̀. Ọ̀kan ló ń kọ. Bí o bá kí i ní títì pé, “Okun o,” yóò dúró, yóò wo òkè, yóò ní, “Okun. Orí kejì ni mo wà.” Bó bá ra àkàrà, yóò kọ́kọ́ tú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dì í wò, bóyá wọ́n ti kọ nǹkan nípa rẹ̀. Àkàrà á tutù. Kò ní rí orúkọ rẹ̀.

Òun ló dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Èrò náà dára, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kí olúkúlùkù gbé ìtàn tó kọ síbẹ̀, kí àwọn yòókù sọ ibi tó ti ń tiro, kí òǹkọ̀wé lọ tún un ṣe. Àwọn èèyàn wọlé láti Ìyàrá, láti Mopa, láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ wà ní Ponyan tó ní láti gun orí àpáta kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mú un. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, atẹ́gùn la máa ń gbọ́. Èmi náà wọlé, nítorí mo máa ń kọ irọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ wí.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ rédíò kan fi gbọ́ nípa wa. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yan ìtàn kan, ẹyọ kan péré, àwọn yóò kà á sétí gbogbo ayé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ibẹ̀ ni ọ̀fun Gbémiga ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Ó gbé ìtàn tirẹ̀ síbẹ̀. “Èmi àti Ẹkùn” ló pè é. Nínú rẹ̀, Gbémiga bá ẹkùn pàdé lórí òkè, ó fi ọwọ́ lásán mú un, ẹkùn sì ń bẹ̀ ẹ́ lédè òyìnbó. Kí a tó kà á tán, ó ti ń béèrè: “Ṣé ẹ ti ń sunkún?”

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Adédùntán, olùkọ́ ni ní Ìyàrá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó kọ̀wé pé: “Okun, bàbá. Ìtàn yín dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹkùn yìí kú ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tún ń sáré ní ìparí. Ṣé ẹkùn méjì ni?”

Ẹni orí àpáta pàápàá mú atẹ́gùn rẹ̀ dákẹ́.

Gbémiga ní, “Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà.”

“Ṣé ní Ìyàrá, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń sọ fún àgbà pé ẹkùn rẹ̀ ti kú?”

Ọjọ́ náà ló gbé òfin jáde. Láti òní lọ, àgbà nìkan ló lè tọ́ka sí àṣìṣe inú ìtàn ọmọdé. Ọmọdé kò gbọdọ̀ la ẹnu sí ìtàn àgbà. Kí oníkálukú sọ ọjọ́ orí rẹ̀ síbẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò gbọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí kì í ṣe eré. Àwọn tí a bí lásìkò kan náà, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n títí tí wọ́n á fi sùn. Wọ́n á jọ la ọ̀nà oko, wọ́n á jọ gbẹ́ ibojì, bí ẹran bá sì dé agbo, ẹgbẹ́ tó ṣáájú ló máa ṣáájú mú. O lè purọ́ nípa oko kajú rẹ, o lè purọ́ nípa ọmọ rẹ tó wà ní Àbújá. Ẹnìkan kì í yọ́ sínú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí. Ẹni Mopa ní ọgọ́ta lé díẹ̀. Èmi kọ méjìdínlọ́gọ́rin, mo sì fi ẹ̀rín sí i. Gbémiga dákẹ́ títí gbogbo wa fi sọ tiwa tán, bí ẹni tí ń yọjú wo ìwé ìdánwò ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́:

“Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.”

Monica ló kọ́kọ́ fèsì. Òun àti Gbémiga jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan. “Háàbà! Ṣé ẹ̀yin náà ni, sà? Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó ṣì ku ọdún méje kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?”

“Monica,” ni Gbémiga wí, “ọjọ́ orí ìjọba nìyẹn. Ti ilé yàtọ̀.”

Obì tí mò ń jẹ gba ọ̀nà òdì. Èmi tí mo jẹ ẹran níbi tí wọ́n ti sọ ọkùnrin yìí lórúkọ! Itan ẹran ni, mi ò tíì gbàgbé.

Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá pẹ́ lọ́jà títí tó fi rò pé òun ló ni ìsọ̀, igi kọ́ la fi ń lé e. À ń bi í pé èló lọjà rẹ̀ ni. Mo bá kọ̀wé pé, “Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo dọ̀bálẹ̀.”

Ó fèsì: “Dìde, àbúrò.”

Mo dìde.

Láti ọjọ́ náà ni Àgbà-Ìwé ti gba ojú òpó Wasáàpù wa. Ìtàn ẹni Mopa, ó ní kò níyọ̀. Tèmi, ó ní ó jọ irọ́. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Nígbà tó kan Adédùntán, ọmọ náà gbé ìtàn kan síbẹ̀ nípa bàbá rẹ̀ tó ti kú, bó ṣe máa ń fi kẹ̀kẹ́ kó iṣu láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wá sí Kàbà, bó ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ bó bá dé ibi òkè, tí yóò máa ti kẹ̀kẹ́, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ń bínú: “Jọ̀ọ́, ìyá wa, ó kù díẹ̀.” Mo kà á, mo nu ojú. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé ata ni.

Gbémiga ní, “Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá nínú rẹ̀. Ta ló ń gbé kẹ̀kẹ́ sí rédíò? Ṣe sùúrù títí wàá fi pé ogójì ọdún. ‘Èmi àti Ẹkùn’ ló ń lọ. Àbí àgbà kan wà tó jù mí lọ tó ní ohun tó fẹ́ sọ?”

Kò sí. Ta ló kù tó ju ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lọ tí ń lo Wasáàpù?

Adédùntán pè mí lórí fóònù. “Bàbá Bámgbóṣé, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Kì í ṣe nítorí òkìkí o. Màmá mi ò mọ̀wé kà. Bí mo bá kà á fún un fúnra mi, ẹkún á gbé mi kí n tó dé ibi òkè. Rédíò nìkan ló lè bá mi kà á délẹ̀.”

Mo ní, “Lọ fi ọkàn balẹ̀. Ṣé wàá wá bí a bá pe ìpàdé?”

Mo bọ́ sójú òpó wa. “Ẹ̀gbọ́n wa, kò yẹ kí a gbé ìtàn yín lọ sí rédíò láìfojú rí yín. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní Kàbà, ká jókòó bí ẹgbẹ́ ṣe ń jókòó, kí àgbà wà ní ipò àgbà.”

Èsì rẹ̀ dé kí n tó yọ ìka kúrò. “Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àga onítìmùtìmù. Kí ẹ sì pa adìyẹ. Àgbà kì í jẹ búrẹ́dì.”

Ọjọ́ Sátidé, a péjọ sí kíláàsì kan. Ẹni orí àpáta sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí atẹ́gùn nínú ohùn rẹ̀. Gbémiga wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wò ó. Agbádá rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà tán. Ó mú ọ̀pá dání, ó tẹ ẹ̀yìn ba, ó ń wú ikọ́ kan tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irun rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tó kan orí mọ́ àtẹ́rígbà, funfun náà bọ́ lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Àtíkè ni.

“Okun o, ẹ̀yin ọmọdé,” ó wí.

Mo sáré dìde fún un. Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, èmi jókòó tẹ̀ lé e lórí bẹ́ǹṣì, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé mi. Wọ́n gbé adìyẹ dé. Gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó mú itan. Ó wò ó, ó tún mú ìkejì.

Ó ti fi eyín kan ẹran nígbà tí obìnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Lois ni, ìyá tó bí Gbémiga. Èmi ni mo ránṣẹ́ sí i pé a fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ joyè. Ìyá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tó máa jókòó sílé? Gèlè rẹ̀ ga ju ilẹ̀kùn lọ.

Itan dúró sẹ́nu Gbémiga.

Mo ní, “Okun o, Ìyá Gbémiga! Ẹ kú ẹsẹ̀. Ọjọ́ orí la fi ń jókòó níbí o. Ẹ kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yín.”

“Ẹ̀gbọ́n mi? Èwo nínú wọn?”

“Ẹni orí àga yẹn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi? Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo wà.” Ó sún mọ́ àga. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fi ìka kan nu àtíkè kúrò níwájú orí rẹ̀. “Gbémiga?”

“Màmá.”

“Ta ló bí ọ?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“O wá fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ! Nígbà tí mò ń rọbí rẹ, níbo lo jókòó sí? Àbí ìwọ ni agbẹ̀bí?”

Ẹ̀rín bú. Ẹni Mopa ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Monica fi gèlè rẹ̀ bo ẹnu, gèlè náà ń mì.

Ìyá ò tíì tán. “Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun Bìáfúrà ni mo gbé e pọ̀n! Gbogbo Kàbà ló mọ̀! Ìyẹn ni pé ó jẹ́ ẹni…”

“Màmá, ẹ má kà á!” Gbémiga fò dìde, ẹ̀yìn tó tẹ̀ ba nà gbọnrangandan. “Ẹ jọ̀ọ́, Monica wà níbí!”

Monica ti ń fi ìka kà á. Ó kà á dé òpin, ó tún un kà. “Sà,” ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ọjọ́ orí ti ìyá yìí, kò jọ ti ilé, kò sì jọ ti ìjọba.”

Gbémiga tún fẹ́ jókòó kó lè fi agbádá bojú. Àga náà ya sí méjì lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin wa balẹ̀ gbì-ì pẹ̀lú itan méjèèjì. Mo dìde.

“Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé òfin,” mo wí. “Àgbà ló ń tọ́ka sí àṣìṣe inú ìtàn ọmọdé. Ìyá Gbémiga, ẹ jókòó, kí ọmọ yín ka ìtàn rẹ̀ fún yín.”

Ìyá ní kó kà á. Ó kà á nílẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì dé ibi tí ẹkùn ti ń sọ òyìnbó tí ìyá fi gbé ọwọ́ sókè.

“Dúró. Ta ló mú ẹkùn?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ tí àkùkọ lé wọ inú ìkòkò omi mi? Tó jẹ́ pé èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ lé àkùkọ lọ? Kọ ìyẹn. Ìyẹn ni ìtàn.” Ó yíjú sí wa. “Ta ló tún kọ nǹkan?”

Mo nawọ́ sí Adédùntán. Ọmọ náà gbìyànjú. Ó dé ìdajì òkè, ohùn rẹ̀ há. Ẹni orí àpáta gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a kà á dé òkè, ó sì bá a ti kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Màmá Lois yọ itan kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e fún Adédùntán. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ìtàn tó ń lọ sí rédíò.

Ọjọ́ Àìkú, mo wà ní Ìyàrá nígbà tí rédíò kà á. Ìyá Adédùntán jókòó ti rédíò náà bí ẹni tó ń yáná. Nígbà tí wọ́n dé ibi “Jọ̀ọ́, ìyá wa, ó kù díẹ̀,” ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ èmi bẹ́ẹ̀ rí.” Ata tún kó sí mi lójú.

Ní ti Gbémiga, ó ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà. Láràárọ̀ ni Monica ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà: “Okun, sà. Ọjọ́ orí wo la fẹ́ lò lónìí?”

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, mi ò yọ, mi ò fi kún un. Òtítọ́ ni àtíkè. Òtítọ́ ni itan méjì. Ẹ lọ bi Màmá Lois léèrè nípa àkùkọ.

Àga yẹn nìkan ni. Kò ya. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, ó le koko. Èmi ni mo jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán náà, tí mò ń retí kó ya, tí kò gbà.