Ẹnjiníà Tí Kì Í Dọ̀bálẹ̀

Ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń wa mọ́tò, Akínṣọlá ì bá ti ti Houston dé Ìbàdàn láì ra epo. Ẹnjiníà ni, Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo ní Houston, ló ti ń ṣiṣẹ́, Ọmọ́bọ́lá ọmọ mi ló sì fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja mi ní Cypress, ọwọ́ ló nà sí mi. Ọwọ́! Bí ẹni tó fẹ́ gba ṣéńjì.

"Mummy, America la wà. A kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́."

"Ó dáa. Èmi náà kì í fọmọ fún ẹni tó bá wà lóòró."

Ló bá ní ìgbádùn lòun máa fi tù mí lójú. Ó gbé èmi àti ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá láti Galveston, ó di Mexico. Kò sinmi ẹnu lójú ọ̀nà.

"Mummy, òkun wo ni mi ò tíì wọ̀? Àwọn àkúràkudà gan-an dá mi mọ̀!"

"Kí ló wá dé tí o ò bá mi mú méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù?"

A débẹ̀. Ọkọ̀ kékeré gbé wa lọ síbi tí iyùn ti ń hù lábẹ́ omi bí igbó, tí ẹja aláràbarà ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n fún wa ní awò, ọ̀pá tá a máa fi ẹnu mí, bàtà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, àti ẹ̀wù tó ń léfòó. Akínṣọlá ní ti ọmọdé lẹ̀wù yẹn, kò wọ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní, "Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ na gbogbo ara, omi á gbé yín."

Èmi arúgbó nà, omi gbé mi. Ọmọ́bọ́lá nà, omi gbé e. Ọ̀rẹ́ àkúràkudà ńkọ́? Ó dúró ṣánṣán bí òpó iná, ó sì rì bí òpó iná! Ó yọrí, ó yọ ọ̀pá lẹ́nu kó lè pe Jésù. "Jé" nìkan ló jáde, omi iyọ̀ gba ibi tó kù. Ó di orí ọmọ mi mú, wíìgì ló bá a lọ.

Mo pariwo, "Akínṣọlá! Dọ̀bálẹ̀!"

Háà! Ó nà gbọọrọ níwájú mi. Omi gbé e.

Nígbà tí wọ́n fà á padà sínú ọkọ̀, tòun ti wíìgì lọ́wọ́, Ọmọ́bọ́lá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ó ti dọ̀bálẹ̀ o."

"Mo rí i. Omi ló dọ̀bálẹ̀ fún. Kí omi fún un níyàwó."

Akínṣọlá wo òkun. Ó wo ọmọ mi. Gbì! Ó dọ̀bálẹ̀ sórí pákó ọkọ̀, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ káàsán, Mummy."

Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ sí i.

"Dìde, àna mi. Ṣebí America la wà."