Iyán Inú Àpò Agbádá

Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo gbé iyán sápò nílé àwọn tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni, mo ń kọ́ni nílé ìwé girama kan l'Ádó. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni mí nígbà náà, àfi bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń bá mi fínra ni túúlu, ẹ̀fọ́rí burúkú tí í mú ìlàjì orí títí ojú á fi máa ṣe bàìbàì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti òkè òkun dé ló ní kí n jáwọ́ nínú iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì, kí n máa jẹ ẹyin, ẹran ọlọ́ràá, ẹ̀fọ́, àgbọn àti píà, kí n má sì fẹnu kan nǹkan kan títí ọ̀sán á fi pọ́n. Mo ṣe é, túúlu sì fi mí sílẹ̀. Wàhálà tó kù ni pé mi ò ní ẹran ara tí mo lè pàdánù. Bí ẹlòmíràn ṣe ń wá bí òun á ṣe fọn, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń wá bí n ò ṣe ní fọn. Epo pupa tí mò ń dà sẹ́fọ̀ọ́ nígbà yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni n óò sọ fún, l'Ékìtì? Kí ọmọ Èkìtì la ẹnu pé iyán ń fọ́ òun lórí! Wọ́n á ní kí n lọ wá ìlú tí wọ́n ti bí mi.

Màmá Délé, onílé mi l'Ókè-Ìlá, ni ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ilé rẹ̀ náà ni mo ti pàdé Bọ́sẹ̀. Aláàdúrà paraku ni ìyá yìí, ojú rẹ̀ sì mú. Ó ṣàkíyèsí pé mi ò yá odó òun mọ́. Ó tún rí i pé mi ò jẹun láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọ mi ò kéde ààwẹ̀.

"Tíṣà, irú ààwẹ̀ wo lò ń gbà?"

"Ti ara mi ni, mà."

"Ti ara ẹ," ó wí, ó sì mi orí.

Ọjọ́ kan ni mo ti Ọjà Ọba bọ̀, ni àpò ọjà mi bá já lójú rẹ̀ gan-an. Àgbọn yí lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyin fọ́, epo sì dà sílẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹyin. Epo. Àgbọn. Oríta wo lò ń gbé e lọ, Tíṣà?"

"Mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni, mà."

"Kí lo fẹ́ fi jẹ?"

Mo ní mi ò ní fi nǹkan kan jẹ ẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ yẹn ni omi àdúrà ti ń tutù lẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀. Bọ́sẹ̀ náà ò wá mọ́ bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀. Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ó ti rí ẹlòmíràn tó sanra jù mí lọ.

Èyí tó wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni ti ìwọ̀n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń fọn, mo bá ń lọ gun ìwọ̀n tí ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ní apá Fájuyì fi ń wọn àpò kòkó. Yẹ̀yẹ́ ni ọ̀gá náà máa ń fi mí ṣe: "Tíṣà, ẹ ṣì tutù o! Ẹ lọ sá ara yín sóòrùn díẹ̀ sí i kí n tó rà yín." Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lórí ìwọ̀n ni mo ti rí Màmá Délé lódì kejì títì. Ó gbọ́ "kí n tó rà yín" ketekete. Ó ká gèlè rẹ̀ mọ́ apá, ó wọ ọkọ̀ Ìgèdè, ìlú àwọn òbí Bọ́sẹ̀.

Ìhìn dé láti Ìgèdè pé bàbá Bọ́sẹ̀ ní kí n wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹni tó bá kọ iyán ilé àna l'Ékìtì ti kọ ọmọ wọn náà.

Mo wọ agbádá lọ. Bàbá jókòó, ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó, Màmá Délé sì fi àga tirẹ̀ kọjú sí mi bí adájọ́. Wọ́n gbé iyán funfun báláú wá, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ẹran ni mo kọ́kọ́ mú. Mo rí i tí ìyá Bọ́sẹ̀ fi ojú sọ̀rọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yíjú pẹ́nrẹ́n báyìí, màá bu òkèlè, màá sọ ọ́ sápò agbádá. Àṣé iyán gbígbóná ò mọ ẹni tó ń sá fún un! Ó ń jó mi láyà, mò ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" Bàbá bi mí.

"Ó dùn ni, sà."

Bí abọ́ ṣe ṣófo, inú mi dùn pé mo ti bọ́. Mo dìde láti dúpẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ni àpò bá tú, tí iyán yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ Bàbá.

Yéè! Ó yẹ kí ilẹ̀ lanu nígbà yẹn, ó kọ̀.

"Mo wí fún yín!" Màmá Délé ti fò dìde. "Ó fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó rán an ni!"

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "kí lo fẹ́ fi iyán ilé mi ṣe?"

Mo wo Bọ́sẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ti dé ojú rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá tún fi nǹkan pamọ́, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mo bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀: túúlu, àgbọn, ẹyin, ìwọ̀n kòkó.

"Uyán?" Èkìtì gidi ni Bàbá fi pariwo. "Uyán ló ń fọ́ ọ lórí? O ò kúkú sọ pé omi ló ń gbẹ ọ́ lọ́fun! Ẹ gbé òmíràn wá."

Wọ́n gbé e wá. Mo jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ n má purọ́, ó dùn dé egungun.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí túúlu fi dé pẹ̀lú gbèsè gbogbo oṣù tó ti kọjá. Ojú mi kan pa dé, mo bì, mo ń yí lórí ẹní wọn bí ejò tí wọ́n lù. Màmá Délé fúnra rẹ̀ ló ń fi aṣọ tútù sí mi lórí, ó ń bẹ Olúwa pé kó dárí ji òun. Bàbá jókòó tì mí pẹ́, ó ń wo abọ́ iyán bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ já a kulẹ̀.

"O mọ̀ pé báyìí ló máa rí, o sì jẹ ẹ́?"

"Nítorí Bọ́sẹ̀ ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Bọ́sẹ̀, gbé ọkọ rẹ o. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ará ìta pé iyán ilé mi ló ṣe é."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, gbogbo ènìyàn ń jẹ iyán, ni Màmá Délé bá yọ́ wá sẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́ kan: ẹyin, ẹ̀fọ́ olépo rẹpẹtẹ, àgbọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Jẹ ẹ́ kíá," ó wí, "kí wọ́n má lọ rò pé èmi ni mo ń rúbọ."

Mo ti wá mọ̀ pé bí o kò bá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ, aráalé á bá ọ sọ ọ́, tiwọn kì í sì í dára. Mo máa ń rántí rẹ̀, màá dá rẹ́rìn-ín, màá sì fọwọ́ pa àyà níbi tí iyán ti jó mi. Títí di òní, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí Màmá Délé, àpò mi ló kọ́kọ́ ń wò kó tó jẹ́ mi lóhùn.