Ẹsẹ̀ Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀la Fi Tiro

Bí ẹ bá yà sí sítúdíò ijó tó wà ní Agbowó, níbi tí àwọn tó ń gba oyè kejì ti ń ṣe ìwádìí, ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ rí níwájú dígí ni Níyì Ayẹni. Kì í ṣe pé ó ń jó o. Irùngbọ̀n ló ń tún ṣe. Ó ti ní kí gbogbo èèyàn máa pe òun ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀la. Fẹ́yìsetán, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ń pè é ní Ajómádìde, ṣùgbọ́n abẹ́lẹ̀ ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tiwọn kò jọ ti àwọn tó ń jókòó sí láíbìrì. Èèyàn á wọ sítúdíò, á jó, á ṣubú, á tún un jó, títí ara á fi rí nǹkan tuntun. Lọ́jọ́ ìdánwò, á jó o níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, á sì ṣàlàyé bí òun ṣe rí i.

Gbogbo ọdún ni Fẹ́yìsetán fi wá tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó já bọ́ nínú kẹ̀kẹ́ ní Bódìjà, tí orúnkún rẹ̀ wú, kò sinmi. Ó ń tiro, ó ń jó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀la jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó gbé fóònù sókè bí ẹni ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n ní ó wà ní Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ télọ̀ tó ń rán aṣọ ìdánwò rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kò, Níyì ló kọ́kọ́ jáde, aṣọ ń dán yinrin. Bó ṣe gbé apá báyìí, Fẹ́yìsetán mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ijó òun nìyí! Bí òun bá jó o tẹ̀lé e, ta ni yóò gbà pé òun kọ́ ni olè? Oyè òun ti lọ nìyẹn. Àfi bó ṣe wo ẹsẹ̀ Níyì, tó rí i pé ó ń tiro. Ọ̀gbẹ́ni jí ijó, ó jí orúnkún wíwú mọ́ ọn! Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, ẹkún náà ń gbọ̀n ọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kòfowórọlá, tó wá dán wọn wò láti yunifásítì mìíràn, bọ́ awò ojú wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni, ẹsẹ̀ tí ẹ̀ ń tiro yìí, báwo lẹ ṣe rí i?"

Níyì wú bíi búrẹ́dì. "Ẹ ṣeun, mà. Òun gan-an ni kókó iṣẹ́ mi. Bàbá bàbá mi, àgbà oníjó nílùú Ìdànrè, bí wọ́n ṣe máa ń jó nìyẹn. Títiro ni wọ́n ń tiro. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà."

"Inú ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ohùn náà ti wá. Àǹtí Adéwùnmí ni, àbúrò bàbá Níyì, tí Níyì fúnra rẹ̀ lọ fi mọ́tò gbé ní Ring Road kí wọ́n lè wá pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ti dìde.

"Níyì, ta ló tiro? Bàbá mi? Bàbá mi tó ń fẹsẹ̀ gun òkè Ìdànrè títí di ọjọ́ ogbó wọn? Wọn kì í tilẹ̀ jó! Bí gbogbo ìjọ bá ń jó, àwọn ló máa ń jókòó ṣọ́ àpótí ọrẹ!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kòfowórọlá ò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹ jó o fún wa láìtiro."

Níyì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dúró. Ó gbé tòsì, ó tún dúró. Fóònù ò kọ́ ọ débẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní orúnkún ń dun òun.

Wọ́n pe Fẹ́yìsetán.

"Ijó kan náà ni mo fẹ́ jó, mà," ló wí. "Orúnkún mi ló wú nígbà tí Níyì ń ká mi sórí fóònù. Ó ti san."

Ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó o dópin. Níbi tí Níyì ti ń tiro, fífò ló ń fò.

Àǹtí Adéwùnmí pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi pọ́n. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá.

"Èyí mà dára o. Ìwọ ńkọ́, Níyì, ìgbà wo lo fẹ́ jó tìẹ?"